Ọ́ìlì Ń Kán, Omi Ń Jò: Ibo Ló Ti Ń Wá?

    

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la mú wá lónìí. Omi tó ń jò àti ọ́ìlì tó ń kán lára ẹ́ńjìnnì la fẹ́ sọ, pàápàá jù lọ ẹ́ńjìnnì tí òtútù líle ti mú rí. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa rẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí. Á ní, òtútù wo ló wà ní Ikoga wa níbí, nítòsí Badagry, tó lè ṣe ẹ́ńjìnnì ní nǹkan? Òótọ́ ni. Ọyẹ́ etíkun wa ń la ètè, kì í la irin. Kò sí ẹni tó gbé omi síta lálẹ́ ní Ikoga tó bá a ní dídì láàárọ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n bi yín léèrè. Mọ́tò tẹ́ ẹ wà nínú rẹ̀ yẹn, ibo ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀? Ṣé Badagry ni wọ́n ti kọ́kọ́ wà á? Rárá. Tòkúnbọ̀ ni. Ó ti lo ọdún mélòó kan ní Kánádà, ní Jámánì, ní Amẹ́ríkà apá òkè, níbi tí yìnyín ti ń bo òrùlé. Kò sí ẹni tó sọ fún wa bí òtútù ṣe ṣe é lọ́hùn-ún. Àwọ̀ ara rẹ̀ ń dán, wọ́n ti fọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kí ni òtútù ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì gan-an? Ẹ wo omi inú ọ̀rá. Gbogbo ẹni tó ń ta omi dídì ló mọ̀ pé ọ̀rá omi tó wọ fírísà ní pẹlẹbẹ máa ń jáde ní rogodo, òmíràn á sì ti bẹ́. Omi ń tóbi sí i tó bá dì. Tí omi bá jẹ́ 100, yóò di nǹkan bíi 109 nígbà tó bá di yìnyín. Ọ̀rá lè fẹ̀ fún un díẹ̀. Irin ẹ́ńjìnnì kì í fẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Tí omi lásán bá wà nínú rédíétọ̀ àti nínú bílọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì, tí kò ní kúláǹtì tí kì í jẹ́ kó tètè dì nínú, tí òtútù sì mú un dì, omi yẹn á wá àyè lápàpàǹdodo. Á la rédíétọ̀, á la pọ́ńpù omi, á la ara bílọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bílọ́ọ̀kù, ẹ máa rí àwọn ìdérí irin roboto kan tí wọ́n gbá wọ inú ihò. Core plug ni àwọn mẹkáníìkì ń pè wọ́n. Àwọn kan gbà pé nítorí òtútù ni wọ́n ṣe fi wọ́n síbẹ̀, pé tí omi bá dì, ìdérí á ta jáde, bílọ́ọ̀kù á sì bọ́. Kì í ṣe nítorí ìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń rọ bílọ́ọ̀kù, iyanrìn ni wọ́n fi ń mọ àwọn ọ̀nà omi inú rẹ̀. Ihò yẹn ni wọ́n ti ń kó iyanrìn náà jáde, kí wọ́n tó fi ìdérí dí i pa. Tí omi bá dì, ìdérí lè kọ́kọ́ ta jáde lóòótọ́. Ó sì lè má ta, kí bílọ́ọ̀kù là. Kò sí ìlérí níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà ní Houston lẹ lè jẹ́ wa lẹ́rìí. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, òtútù ńlá kan ya wọ ìpínlẹ̀ Texas. Houston kì í ṣe ìlú yìnyín, ooru rẹ̀ fara jọ tiwa. Àmọ́ ní ọjọ́ 16 oṣù náà, òtútù wálẹ̀ dé nǹkan bíi ìwọ̀n 10 sísàlẹ̀ òdo ní Celsius. Iná lọ nínú ilé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ náà, páìpù omi sì bẹ́ ní ilé àìmọye. Ohun tó bẹ́ páìpù ilé yẹn náà ló ń dúró de mọ́tò tí ẹni tó ni ín fi omi ẹ̀rọ lásán kún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó ní ibi tí ooru ti ń mú báyìí, kí ni mo fẹ́ fi kúláǹtì ṣe?

Ìwà yẹn kò ṣàjèjì sí wa, àbí? Àwa náà ń fi omi lásán kún rédíétọ̀ lójoojúmọ́.

Ó dáa. Báwo ni ọ̀rọ̀ òtútù òkè òkun ṣe ń dé Ikoga? Mọ́tò tó ní ìjàǹbá lọ́hùn-ún, wọ́n á gbé e lọ sí àgbàlá tí wọ́n ń kó irú wọn jọ sí. Ẹnìkan lè ti da omi lásán sí i nígbà tí rédíétọ̀ rẹ̀ fọ́. Òtútù á bá a níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tà á, wọ́n á tún ara rẹ̀ ṣe, á wọ ọkọ̀ ojú omi. Láyé àtijọ́, Kútọnù ni ọ̀pọ̀ wọn ń gúnlẹ̀ sí, wọ́n á sì gba ibodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé níbí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de gbígbé mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé, èbúté ọkọ̀ ojú omi bíi Apapa àti Tin Can ni ọ̀nà tó bófin mu báyìí. Ọ̀nà yòówù kó gbà, tí bílọ́ọ̀kù bá ti là tín-ín-rín, ìlà náà kò ní pariwo. Irun orí lè nípọn jù ú lọ.

Ìgbà wo ló máa wá pariwo? Ìgbà tí ẹ bá kó àgbọn àti gàrí kún un láti Ikoga, tẹ́ ẹ bọ́ sójú ọ̀nà Èkó sí Badagry, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mú yín mọ́ àárín oòrùn ọ̀sán. Irin á gbóná, á fẹ̀, omi á ru sókè nínú rẹ̀, ìlà tín-ín-rín yẹn á sì la ẹnu. Òtútù ló dá egbò náà, ooru ibí ló ń ṣí i. Ẹni tó wakọ̀ á ní, ‘Àná kọ́ ni mo rà á? Kí ló ṣe é lónìí?’ Ó ti ṣe é kó tó dé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Mọ́tò ń jò. Báwo lẹ ṣe máa mọ ohun tó ń jò, àti ibi tó ti ń jò?

Ẹ wá páálí kan. Páálí lásán ni, èyí tí wọ́n fi di indómí, ẹ tú u kó fẹ̀. Lálẹ́, tẹ́ ẹ bá ti gbé mọ́tò síbi tó tẹ́jú, ẹ tẹ́ páálí náà sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi bírò kọ ọ́ sí i pé ibí ni iwájú, ibí ni ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Ẹ lọ sùn. Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó ṣáná sí mọ́tò, ẹ fa páálí jáde, kẹ́ ẹ kà á. Bẹ́ẹ̀ ni, kẹ́ ẹ kà á, torí ìròyìn ló wà níbẹ̀.

Tí ojú ibi tó rin bá ní àwọ̀ ewé, tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, tàbí àwọ̀ ọsàn, kúláǹtì ni. Ẹ fi ìka méjì rá a: ó yọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ọ̀rá. Òórùn rẹ̀ dùn. Òórùn nìkan ni o, ẹ má tọ́ ọ wò; màá padà sórí ìyẹn. Tó bá jẹ́ omi lásán lẹ fi kún rédíétọ̀, àbàwọ́n rẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ ìpẹtà. Tó bá jẹ́ àwọ̀ oyin tàbí dúdú, tó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀, tí páálí sì mu ún tó tàn kálẹ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Tó bá pupa fòò tó sì ń yọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ́ìlì gíà aládàáṣiṣẹ́ tàbí ti sítíárìn. Tó bá sì jẹ́ omi tó mọ́ gaara, tí kò ní òórùn, tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣe sùúrù. Ṣé ẹ lo éésì lánàá? Omi éésì ni. Kò sí nǹkan kan tó ṣe mọ́tò yín. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ sanwó pọ́ńpù omi tuntun nítorí omi éésì.

Páálí ti sọ ohun tó ń jò. Ṣé ó ti sọ ibi tó ti ń jò? Rárá o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú jù lọ rèé: ibi tó ń kán sí kọ́ ni ibi tó ti ń jò. Mo tún un sọ: ibi tó ń kán sí kọ́ ni ibi tó ti ń jò. Ọ́ìlì tó bá yọ lókè, lábẹ́ ìdérí tápẹ́ẹ̀tì, á ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ bílọ́ọ̀kù sọ̀kalẹ̀, atẹ́gùn eré á gbá a lọ sẹ́yìn, á wá kán láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà. Mẹkáníìkì tó bá ń kánjú á wo ìsàlẹ̀, á ní síìlì ẹ̀yìn ti bàjẹ́. Ó máa sọ gíà kalẹ̀. Ẹ ó sanwó ọjọ́ méjì. Nígbà tí wọ́n bá dá a padà, ọ́ìlì á tún kán, torí pé gásíkẹ́ẹ̀tì òkè tí kò wọ́n rárá ni ó ń ṣe é.

Kí ló wá yẹ ní ṣíṣe? Òkè la ti ń wá a. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì mọ́, kó gbẹ. Ẹ wà á díẹ̀, kí ẹ dúró, kí ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ibi tó ga jù lọ tó kọ́kọ́ rin, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá wí. Ẹ fi ọwọ́ pa abẹ́ ìdérí tápẹ́ẹ̀tì yíká. Ẹ wo ìdí fílítà ọ́ìlì, bóyá ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn fi rọ́bà àtijọ́ sílẹ̀ tó sì de tuntun lé e. Ẹ wo swíìṣì kékeré tó ń tan iná ọ́ìlì nínú mọ́tò. Ó kéré, ọ̀pọ̀ ò sì kà á sí, àmọ́ ó mọ ọ́ìlì dà nù dáadáa. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì, níbi tí síìlì iwájú wà. Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn lẹ tó lè fẹ̀sùn kan síìlì ẹ̀yìn.

Ti omi náà, bákan náà ni. Kúláǹtì máa ń fi àmì sílẹ̀ tó bá gbẹ: ẹ̀ẹ́pá funfun tàbí aláwọ̀ ewé, tó gan bí iyọ̀ mọ́ ara irin. Ẹ wá a ní ẹnu họ́ọ̀sì, lábẹ́ kílíìpù. Ẹ wá a ní ìsàlẹ̀ pọ́ńpù omi, ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu. Tí omi bá ti ń gba ihò yẹn jáde, síìlì inú pọ́ńpù ti lọ nìyẹn. Ẹ wo ibi tí ike orí rédíétọ̀ ti pàdé irin, ike yẹn máa ń là. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo àwọn core plug tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ìpẹtà bá ti ń yọ omijé lójú rẹ̀. Tí ilẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ bá ń rin, tí gíláàsì iwájú ń ṣe kùrukùru olóòórùn dídùn, rédíétọ̀ kékeré inú híta ni. Àwa níbí kì í lo híta, ìdí nìyẹn tí àwọn mẹkáníìkì wa ṣe ń fi họ́ọ̀sì kan fò ó kọjá. Kò burú ní Ikoga. Ẹni tó bá wà ní Toronto, kó má dán an wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ òtútù, ẹ gbọ́ ọ̀kan sí i. Omi kan wà tó ń jò láàárọ̀ nìkan, tó bá di pé ẹ́ńjìnnì gbóná, á dákẹ́. Òtútù ń sún rọ́bà àti irin jọ, wọn kì í sì í sún bákan náà, nítorí náà ẹnu họ́ọ̀sì á tú díẹ̀. Tó bá gbóná, gbogbo rẹ̀ á tún fún mọ́ra. Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì wò ó nígbà tó gbóná tán kó sọ pé òun ò rí nǹkan kan. Ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ fún un di ọjọ́ kejì.

Ẹnìkan bi wá lọ́jọ́ kan pé, ‘Mọ́tò mi ń jẹ omi. Ojoojúmọ́ ni mò ń bù ú sí i. Mo tẹ́ páálí, páálí gbẹ. Ibo ni omi ń lọ?’ Ìbéèrè àgbà nìyẹn. Omi tí kò bọ́ sílẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ inú ló wà. Ó ń wọ ibi tí epo ti ń jó, tàbí ó ń wọ inú ọ́ìlì.

Ẹ wo èéfín. Tí mọ́tò bá ti gbóná dáadáa, tí èéfín funfun ṣì ń rú dùù lẹ́yìn rẹ̀, tí òórùn dídùn kúláǹtì bá a jáde, omi ń jó níbẹ̀. Mo ní tó bá ti gbóná o, torí pé èéfín funfun díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tútù kì í ṣe àrùn. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, kí ẹ wò ó. Ọ́ìlì tó bá ti di àwọ̀ tíì oní mílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́. Òjò tó rọ̀ ló kó adìẹ pọ̀ mọ́ ẹyẹlé. Omi àti ọ́ìlì kì í pàdé bí kò bá sí ohun tó fọ́ láàárín wọn. Tó bá sì jẹ́ inú rédíétọ̀ lẹ ti rí ọ́ìlì tó léfòó, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà pàdé, tàbí kó jẹ́ ẹ̀rọ tó ń tu ọ́ìlì lára ló là nínú.

Àmọ́ ẹ má tíì sunkún. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù tẹ́ ẹ ń fi mọ́tò lọ ra búrẹ́dì ní òpópó kejì, tẹ́ ẹ sì padà kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ lè ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí kí ẹ rí ìfófòó ràkọ̀ràkọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìrì ló ṣe ìyẹn, nítorí ooru kò pọ̀ tó láti gbẹ ẹ́. Tí ọ̀pá ọ́ìlì bá mọ́, tí omi rédíétọ̀ kò dín, ẹ wà á lọ jìnnà kó gbóná dáadáa, á lọ.

Níbí, tí a bá ti rí tíì oní mílíìkì, ìdájọ́ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn: ‘Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó.’ Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fún tòkúnbọ̀ tó ti ilẹ̀ òtútù wá, ìdájọ́ yẹn kò tó. Wọ́n á ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, wọ́n á gbé tọ́ọ̀pù sílíńdà lọ fá, wọ́n á dì í padà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, omi á tún máa dín. Kí ló dé? Gásíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ló jẹ̀bi, irin ló là. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Tí tọ́ọ̀pù bá ti wà nílẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi atẹ́gùn dán an wò nínú omi bóyá ó là, kí wọ́n wo ojú bílọ́ọ̀kù pẹ̀lú. Owó tẹ́ ẹ máa san fún àyẹ̀wò yẹn kéré sí owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì.

Kí wọ́n tó tú ohunkóhun pàápàá, pọ́ńpù kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sórí rédíétọ̀ dípò ìdérí, tí wọ́n á fi ọwọ́ fún un ní atẹ́gùn nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Wọ́n á kàn fi í sílẹ̀, kí wọ́n máa wo gèèjì. Tó bá ń wálẹ̀, ó ń jò níbì kan. Tí kò bá sí omi níta, inú ló wà. Oògùn olómi kan tún wà tó máa ń yí àwọ̀ padà tí èéfín ẹ́ńjìnnì bá wà nínú rédíétọ̀. Kì í ṣe nǹkan olówó gọbọi. Mẹkáníìkì tó bá ní méjèèjì, tó sì ń lò wọ́n, ẹ mú un lọ́rẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ́ìlì, torí ohun kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ wá lówó gan-an. Síìlì tó ń bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù Kẹta, ó jò lóṣù Karùn-ún. Wọ́n pààrọ̀ ti iwájú, ti ẹ̀yìn jò. Kí ló fà á? Ẹ́ńjìnnì ń mí. Atẹ́gùn díẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì wọ inú rẹ̀, ó sì ní páìpù kan tí atẹ́gùn náà ń gbà jáde. Breather ni wọ́n ń pè é. Ní ilẹ̀ òtútù, ìrì inú páìpù yẹn lè di yìnyín kó dí i pa. Atẹ́gùn kò ríbi lọ, á ti ọ́ìlì gba ojú síìlì jáde, nígbà mìíràn á ta ọ̀pá ọ́ìlì kúrò nínú ihò rẹ̀. Níbí, yìnyín kò sí, ṣùgbọ́n ìgẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọ́ìlì àtijọ́ wà, ọ́ìlì tí ẹ kò pààrọ̀ lásìkò. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra síìlì kẹta, ẹ ní kí wọ́n yọ breather, kí wọ́n fọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ohun kékeré ni, mo sì lè sọ pé kò sí ohun mìíràn lára ẹ́ńjìnnì tí a pa tì tó o.

Kí ló dé tí rédíétọ̀ wa náà ń tètè jò, nígbà tí òtútù kò sí? Omi tí à ń bù sí i ni. Omi kànga etíkun lè ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ sì ń jẹ irin. Ó ń jẹ core plug láti inú, ó ń jẹ alumíníọ̀mù rédíétọ̀. Kúláǹtì kì í ṣe nǹkan òtútù nìkan. Tẹ́ ẹ bá dà á pọ̀ ní ìdajì-ìdajì pẹ̀lú omi tí kò ní iyọ̀, kì í dì títí dé nǹkan bíi ìwọ̀n 37 sísàlẹ̀ òdo, ìyẹn kò kàn wá. Ohun tó kàn wá ni pé kì í tètè hó bí omi lásán, ó sì ní oògùn tó ń dènà ìpẹtà nínú. Tí owó kúláǹtì kò bá tíì sí, omi òjò tó mọ́, tí kò gba ara páànù tó ti dógùn-ún wá, sàn ju omi kànga lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ tẹ́mósítáàtì yín sọnù nítorí pé ‘ooru ibí pọ̀’. Àwọn tó ṣe mọ́tò mọ̀ pé ilẹ̀ olóoru wà láyé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń da ata gígún àti ẹyin sínú rédíétọ̀ láti dí ibi tó ń jò, ẹ kú ọgbọ́n o. Á dí i lóòótọ́, á sì dí ibi tí kò yẹ kó dí.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ojú omi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná ọ̀sà sí Badagry, mi ò gbàgbé yín. Ẹ̀rọ tiyín, omi ọ̀sà fúnra rẹ̀ ló ń tù ú lára, ẹ sì mọ ojú omi tínrín tó ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀. Tí ìyẹn bá ti dákẹ́, ẹ pa ẹ̀rọ. Tẹ́ ẹ bá ti inú omi oníyọ̀ dé, ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣàn án nínú. Tí ọ́ìlì gíà ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá di àwọ̀ mílíìkì, síìlì ìdí fáànù rẹ̀ ti jẹ́ kí omi wọlé.

Kí ni ká ṣe tí ooru bá gòkè lójú ọ̀nà? Wàràwàrà là á yọ oró iná. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa á, ẹ dúró. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná. Mo tún un sọ: ẹ má ṣe ṣí i. Omi inú rẹ̀ gbóná kọjá ìwọ̀n 100, agbára atẹ́gùn inú rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kó hó. Gbàrà tẹ́ ẹ bá ṣí i, yóò fò bo ojú yín. Ẹ sì má da omi tútù lé irin gbígbóná, torí ẹ lè fọwọ́ ara yín la ohun tí òtútù Kánádà kò là.

Mo ti ṣèlérí pé màá padà sórí títọ́ kúláǹtì wò. Májèlé ni. Ó dùn lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí ajá, ewúrẹ́ àti ọmọdé fi ń lá a. Ó ń pa kíndìnrín. Ẹ̀yin òbí ṣì rántí oògùn eyín ọmọdé kan, My Pikin, ní ọdún 2008, èyí tó pa ọmọ tó lé ní 80 ní orílẹ̀-èdè yìí. Ohun tó wà nínú rẹ̀, diethylene glycol, ìbátan tímọ́tímọ́ ni ó jẹ́ sí èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ kúláǹtì. Nítorí náà, ẹ má rọ kúláǹtì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ má sì fi àbàwọ́n rẹ̀ sílẹ̀ ní àgbàlá. Ẹ da iyanrìn lé e, kẹ́ ẹ gbá a. Ọ́ìlì àtijọ́ náà, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí sí odò Yewa. Inú kẹ́ẹ̀gì ni kẹ́ ẹ pa á mọ́ sí, kẹ́ ẹ gbé e fún àwọn tó ń rà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tòkúnbọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín. Ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á ní àárọ̀ kùtù, kó tó ṣáná sí i. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì láti rí i pé ó tutù. Ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ wo omi rẹ̀. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì, ẹ wò ó. Ẹ jẹ́ kó ṣáná, kí ẹ wo inú rédíétọ̀ náà bóyá ó ń yọ ìfófòó léraléra láì dáwọ́ dúró. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ẹ dé ìdérí náà padà, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ títí fáànù á fi bẹ̀rẹ̀, á dá dúró, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má ṣí i, pé ẹ́ńjìnnì tuntun kọ́ lẹ ń rà, ẹ dá owó yín padà sápò.